Ẹlẹ́rìn-ín ní Ilẹ̀ Òjò Dídì

Ọjọ́ Ajé, 9-12-91
Ọyẹ́ wọlé lánàá. Láti òwúrọ̀, mi ò rí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òpin àdúgbò wa. Eruku lórí tábìlì, eruku lórí Bíbélì, eruku nínú omi mímu. Ètè mi ti là. Omi kànga ti fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ ni garawa ń gbé wá.

Ní Edmonton, ilẹ̀ Kánádà, níbi tí ọmọ mi Ọmọ́wùnmí ń gbé, òjò dídì ni. Mo mọ̀ ọ́n láìdé ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Èmi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya òjò dídì sí pátákó. Ta ni ó wá wà nínú rẹ̀ lónìí? Ẹlẹ́rìn-ín.

Báyọ̀dé ni ọkọ Ọmọ́wùnmí. Ìyá rẹ̀, Tinúọlá, ọmọ onílẹ̀ Ìkọ̀tún, ni mo ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín — nínú ìwé yìí nìkan, kì í ṣe létí ẹnikẹ́ni. Kò lè kí ènìyàn kí ó má rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú. Ọmọ́wùnmí bí ọmọbìnrin nínú oṣù tó kọjá. Báyọ̀dé fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ kí ìyá kan wá wẹ ọmọ. Ẹyọ kan. Ìyá tirẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sí.

Ilé baba ló ni ọmọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóòtù òtútù tí mo ti ra pamọ́ fún ara mi láti ìgbà ìgbéyàwó wọn ni Ẹlẹ́rìn-ín wọ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12-12-91
Olúwafúnmbi ni orúkọ tí mo fi ránṣẹ́ fún ọmọ náà. Mo gbọ́ pé òun ni ó ṣe ìkẹta nínú àwọn orúkọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹlẹ́rìn-ín ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15-12-91
Kásẹ́ẹ̀tì dé. Ọmọ ìjọ wa kan tí ó ti Kánádà bọ̀ fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn. Mi ò ní ẹ̀rọ. Zacchaeus, ayálégbé mi tí ó ń tún rédíò ṣe, gbé tirẹ̀ wá sí pálọ̀ mi — ó sì ti pe gbogbo ilé. Mi ò ní kí ó pe ẹnikẹ́ni.

Ohùn Ẹlẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀. "Àna mi, Tíṣà àgbà, ẹ kú ọyẹ́ o! Ẹ̀yin ń jẹ eruku, àwa ń jẹ ìyà!" Ó ní òun sá bùbá síta, nígbà tí òun padà débẹ̀, ó ti gan bíi pánlá. Òun bá gbé e wọlé, òun ní, "Báyọ̀dé, gbé ìkòkò kaná, ẹ̀fọ́ ti rí ẹja." Ó ní aṣọ tí òun ń wọ̀ jáde pọ̀ débi pé bí òun bá ṣubú, àfi kí wọ́n yí òun bí àgbá. Ó ní imú òun kú lọ́jọ́ kan, òun sì ń wo ilẹ̀ kiri bóyá ó ti já bọ́.

Gbogbo pálọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, nínú ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ ẹlòmíràn tí ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Mà, ó tó, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí." Ọmọ mi ni. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Zacchaeus ní, "Háà, Màmá, Àǹtí Ọmọ́wùnmí náà nìyẹn? Mo ti rò pé wọn ò léyín ni jàre!"

Mo ní kí ó pa ẹ̀rọ. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17-12-91
Mo yá ẹ̀rọ Zacchaeus. Ibi ẹ̀rín náà nìkan ni mo gbọ́. Mo yí i padà sẹ́yìn. Mo tún gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21-12-91
Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ́wùnmí fúnra rẹ̀ bá mi sọ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà kò ju èyí lọ: "A wà dáadáa, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu." Bí mo ti kọ́ ọ nìyẹn — a kì í kó ọ̀ràn ilé síta. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ti di ará ìta.

Ọjọ́rú, 25-12-91
Kérésìmesì. Igbó ń jó lọ́nà Ìgàndò, atẹ́gùn ọyẹ́ ń ti iná náà lẹ́yìn. Eérú ń bọ́ sórí ìrẹsì wa. Ó funfun, ó fúyẹ́, kò pariwo. Òjò dídì tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28-12-91
Adébùnmí, olórí akọrin, bi mí níwájú èrò: "Ẹ̀yin ń kọ́, Mà? Ìgbà wo lẹ̀ ń lọ wẹ ọmọ tiyín?" Mo ní, bí wọ́n bá nílò mi. Ó ní, "Wọ́n máa nílò yín, Mà." Ó fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, bí ìgbà tí a ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ̀yìn ń yún mi di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 3-1-92
Òní ni ó yẹ kí Ẹlẹ́rìn-ín dé. Kò dé. Kùrukùru ọyẹ́ bo pápákọ̀ Ìkẹjà. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú fò yípo yípo, kò rí ilẹ̀, ó sì gbé wọn lọ sí Abidjan. Àwọn ará Ìkọ̀tún tí wọ́n lọ pàdé rẹ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Ọyẹ́ tiwa náà lágbára.

Ọjọ́ Àìkú, 5-1-92
Ó dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ìlú ni ó lọ pàdé rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8-1-92
Ẹlẹ́rìn-ín wá kí mi. Ó rù. Ohùn rẹ̀ ti há, bí ohùn oníwàásù tí kò ní gbohùngbohùn. Kóòtù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́.

Àwọn ayálégbé tún ti pé jọ. Zacchaeus bi í bóyá lóòótọ́ ni itọ́ ń dì níbẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ó ní, "Itọ́ kẹ̀? Èmi tí mo sunkún lọ́jọ́ kan, yìnyín ni mò ń ṣà lẹ́rẹ̀kẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé omi fún un. Mo ń retí kí ó lọ.

Kò lọ. Nígbà tí èrò tú ká, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n rí kànga yín tó ń gbẹ." A lọ sẹ́yìnkùlé. Kò wo kànga. Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò rí i láìsí ẹ̀rín rí, ó sì dà bí ẹni tí mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rín tẹ́ ẹ gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, iṣẹ́ ni. Ọ̀sán ò tíì ṣe tán tílẹ̀ fi ń ṣú níbẹ̀. Bó bá ti ń ṣú báyìí, ọmọ yín á lọ jókòó sójú fèrèsé, á gbé Àbẹ̀kẹ́ lé itan, omijé á máa dà. Mo ní kí ló dé, á ní kò sí nǹkan, Mà. Báyọ̀dé wà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí kò bá rẹ́rìn-ín, kì í jẹun. Ọjọ́ tí kò bá jẹun, ọyàn ò ní wá, ọmọ á máa ké. Ni mo bá ń ya wèrè. Mo jó, mo ṣubú, mo dé ìkòkò bíi fìlà. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wo ọ̀fun mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

"Ó bẹ̀ mí pé n má sọ. Mo ní kó ránṣẹ́ pè yín. Ó ní ẹ̀yin kì í fẹ́ wàhálà. Ìgbà òtútù wọn ṣì kù púpọ̀, Tíṣà. Ta ló máa pa á lẹ́rìn-ín báyìí?"

Ó gbé kóòtù lé mi léjìká, nínú oòrùn, ó sì lọ.

Mo mọ ìdí tí ilẹ̀ fi ń tètè ṣú níbẹ̀. Ayé ni ó tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Mo fi ọsàn àti àbẹ́là kọ́ wọn ní kíláàsì, ọdún dé ọdún. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan yóò jókòó sínú òkùnkùn náà.

Ọjọ́bọ̀, 9-1-92
Kí n sọ òtítọ́: mo ṣì ń jowú. Òun ni ọmọ mi jẹ́ kí ó rí omijé òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11-1-92
Mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà. Mo tò sórí ìlà títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Oòrùn kò tíì yọ.

Ọmọ́wùnmí gbé e. "A wà dáadáa, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu."

Mo ní mo ń bọ̀. Mo ní kí Báyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lónìí, mi ò tọrọ àyè.

Ó ní, "Màmá, òtútù ibí pọ̀ jù fún yín."

Mo sọ fún un pé ní òwúrọ̀ yìí, ní Ìyànà Ìpájà, atẹ́gùn ọyẹ́ ṣí gèlè lórí mi, ó gbé e fò. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan hán an, ó wé e sórí ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi bí ìyàwó, ó sì pariwo pé, "Ìyá ọkọ mi, ẹ ẹ̀ ní san owó orí mi ni?" Gbogbo ibùdókọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi, pẹ̀lú irun funfun mi tí mi ò dì. Mo ní, "Ọmọ́wùnmí, gèlè náà yẹ ẹ́ jù mí lọ."

N ò sọ ọ́ dáadáa. Ẹlẹ́rìn-ín ì bá sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn kan wá láti ọ̀hún, tí ó ń já, tí ó ń mí hẹlẹ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo pè é lórúkọ. Ohùn náà kò dáwọ́ dúró. Tẹlifóònù já.

Mo padà lọ tò sẹ́yìn èrò, mo ń wá ìtìjú mìíràn tí mo lè sọ fún un.