Ẹni Tó Jẹ Ọjọ́bọ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tó ga bí òpó iná,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé tí ò ń gùn lójoojúmọ́, mo sì kí bàtà rẹ náà, torí mo mọ̀ pé òun ló ń jìyà jù. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, bó bá sì dán an wò, wàá há a lọ́fun ni. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, òrùlé ṣì wà níbi tó wà, àwọn adìẹ wa ń yé bí ẹni tí wọ́n ti san owó oṣù fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ, torí ìyá rẹ á bù mọ́ ọn. Èmi kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀, o mọ̀ mí.

O mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, àkùkọ ló máa ń jí ìyá rẹ. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, òun ló ń jí àkùkọ. Bọ́ọ̀sì wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí kò bá rí ọ lójú ọ̀nà, á fi èéfín kí ọ ni. Bí ìyá rẹ ṣe ń jáde lófo nìyẹn, ikùn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ títí dé ibi iṣẹ́, àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì á rò pé òjò fẹ́ rọ̀. Lóṣù tó kọjá, òyì kọ́ ọ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, díẹ̀ ló kù kó sùn lé áyọ́ọ̀nù lórí. Ọ̀gá wọn obìnrin ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó lọ sinmi nílé, kò sì sọ ọjọ́ tí ìsinmi yẹn máa parí. Ká tó mí, wọ́n ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun kan ti dé tó tóbi ju yàrá wa lọ, pé lọ́jọ́bọ̀ ni ọ̀gá máa wo gbogbo wọn lẹ́nu iṣẹ́, kó yan ẹni tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ kò ní gbé aṣọ tútù lórí mọ́ láyé. O mọ ìbàdí ìyá rẹ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ yẹn débi pé ó ń bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Bí mo ṣe wá gba ilé ìdáná nìyẹn o, èmi tí mi ò mọ ibi tí iyọ̀ ń gbé. Mo ti rí ààrò oníná kékeré tí o fi ránṣẹ́ àti àwo oníhò méjìlá. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí fóònù náà ni mo ti kà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. O ní ká po ẹyin pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, ata, ẹ̀fọ́ àti wàrà líle, ká dà á sínú àwọn ihò yẹn, ká yan án lọ́jọ́ Àìkú, ká kó o sínú fíríìjì, kí ìyá rẹ máa mú méjì méjì lọ ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Mo ní ṣé ìyẹn náà ni nǹkan? Èmi tí mo ṣe bíríkìlà dàgbà dàrúgbó, àwo yìí kò yàtọ̀ sí irin tí a fi ń gé búlọ́ọ̀kù.

Obìnrin inú fídíò tí o fi tì í lẹ́yìn dáa lójú, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó rọra, pé mo ṣì ń wá ọ̀bẹ, ó ti gé àlùbọ́sà tán. Mo tún un ṣí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè pẹ̀lú aṣọ kan náà, kò bínú, mo wá rí i pé onísùúrù ènìyàn ni. Ó ní ká kọ́kọ́ tan ààrò sílẹ̀ kó gbóná kí nǹkan kan tó wọ inú rẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ la wá ń yan báyìí? Nígbà tó fẹ́ parí, ó ní kí n tẹ agogo kan nísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó jáde wá.

Ti àkọ́kọ́ tí mo yan, jọ̀ọ́ má jẹ́ ká sọ ọ́ pẹ́. Àlùbọ́sà tí mo gé, omi tó bọ́ lójú mi tó fọ aṣọ ilé ìwòsàn fún oṣù kan. Mo da ẹyin kún ihò dé ẹnu, mo fi irin ìrẹ́lé mi tẹ́ ojú rẹ̀ kó dọ́gba. Ààrò ń ṣiṣẹ́, mo jókòó tì í bí ọlọ́pàá, ló bá dún gbìn! Mo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, kò sẹ́nìkan. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́nìkan. Mo bú àwọn ọmọ àdúgbò títí, kí n tó mọ̀ pé ààrò ló ń pè mí. Mo kó wọn jáde, wọ́n ti wú, wọ́n ti ṣàn kúrò nínú ihò, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹbí tó ń ya fọ́tò. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa ń ṣe sí búlọ́ọ̀kù tuntun: mo tò wọ́n sí oòrùn, mo sì ń wọ́n omi sí wọn láàárọ̀ lálẹ́ kí wọ́n lè le. Wọn ò le. Wọ́n di ẹrẹ̀. Àwọn adìẹ ló jẹ wọ́n, wọ́n sì jẹ ẹ́ dáadáa, mi ò sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ìgbà tí mo pè ọ́ tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí ìpè fi já. O pè padà, o ní ká má da ẹyin kún ihò, ká kọ́kọ́ fi òróró pa inú rẹ̀, ká má ṣe fi omi kàn án rárá. Mo gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, háà, ọmọ mi! Wọ́n jáde pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n rí rìbìtì, òórùn wọn jáde láti ojú fèrèsé, ó gba ojú pópó kọjá, ajá oníṣọ̀nà bàtà dìde, ó dúró bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo mú kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo gé orúkọ àwọn ọjọ́ iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, mo fi bo wọ́n lórí méjì méjì: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Kálukú mọ ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ara ògiri wa wá ká eyín báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí a wà, inú fíríìjì ló ń lọ. Méjì wá kù tí kò lórúkọ. Mo wo àwo yẹn títí. Ihò méjìlá, ọjọ́ iṣẹ́ gba mẹ́wàá. Mo ní ẹni tó rọ àwo yìí, bó bá jẹ́ pé abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́ ni, mo ti lé e.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ mú Ajé, ó lọ. Ó ní wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́ wọn tó ń mú oúnjẹ gbóná láìsí iná, tí oúnjẹ á kàn máa yí po nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Orin ló ń kọ wọlé lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú Ìṣẹ́gun. Mo rò pé a ti borí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀ dé. O mọ̀ ọ́n, òun la ń pè ní Mo-ti-yó, torí kó tó jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta tán, á kọ́kọ́ sọ pé òun ti yó. Ó ní òun wá gé irun fún mi. Ó gé e dé ìdajì, mo ní kó mu omi nínú fíríìjì kí n fi lọ wá tówẹ̀lì. Tówẹ̀lì o! Kí n tó dé, ó ti jẹ méjì, ó ti ń fi bébà nu ẹnu. Mo wo bébà náà. Ọjọ́bọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Ọmọ mi, mo já bébà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé ó mọ ohun tó ṣe? Ó ní ẹyin ni. Mo ní kì í ṣe ẹyin, Ọjọ́bọ̀ ni, Ọjọ́bọ̀ ìyàwó mi ló jẹ, ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó! Ó fi ọwọ́ pa ikùn, ó ní abájọ tó fi wúwo nínú òun. Mo ní kó pọ̀ ọ́. Ó ní bóyá ká kúkú ti ọjọ́rú fo sí ọjọ́ Ẹtì, ta ló máa mọ̀? Ó tún ní, bí kò bá ní bí mi nínú, ṣé Àbámẹ́ta ò sí ńbẹ̀ kí òun fi ṣe ìpanu. Mo gba abẹ irun lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ìdajì orí mi ló ti gé. Bí mo ṣe wà náà nìyí.

Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Kí n yan òmíràn? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ọjọ́ Àìkú la ń yan án, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì wà. Kí n fún un ní àwọn méjì tí kò lórúkọ? Ta ló máa ń rán ẹni tí kò lórúkọ lọ síbi iṣẹ́? Kí n gbé ọjọ́ Ẹtì síwájú? Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Bí ìyá rẹ bá jẹ Ẹtì lọ́jọ́bọ̀, ara rẹ̀ á gbà pé ọ̀sẹ̀ ti parí, á ti máa dẹ ara sílẹ̀ fún ìsinmi lójú ọ̀gá tó ń wò ó. Gbogbo ọjọ́rú ni mi ò fi lè wo ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá inú ń run mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó bá mi níwájú fíríìjì, mo na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ó ní kí n jọ̀ọ́ yà, bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Mo ní kò sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí ló dé tí kò sí ọjọ́bọ̀. Mo ní Mo-ti-yó ti jẹ ẹ́. Mo rò ó fún un pátá, bí mo ṣe ń rò ó ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ wò mí. Ó wo ìdajì orí mi. Ẹ̀rín tó rín, gèlè rẹ̀ bọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ fíríìjì mú. Ó ní bàbá wọn, ẹ ò ní fi ọgbọ́n pa mí. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ó mú Ẹtì méjèèjì, ó yọ bébà orí ọ̀kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí, ó sáré jáde. Mi ò yọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá yọ ọ́, nǹkan kan lè bàjẹ́ níbi iṣẹ́. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi yí, mo jẹ́ Ẹtì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kí mi kú ìparí ọ̀sẹ̀.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́, kò kọrin. Ó bọ́ bàtà, ó mu omi, ó ní kí n wá tẹ ìbàdí òun wò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìbàdí yẹn, kò ní gbé aṣọ tútù mọ́. Òun ni wọ́n fún o! Ọ̀gá ní gbogbo àwọn yòókù ti ń wá àga nígbà tó máa fi di ọ̀sán, pé òun nìkan ló dúró bí ògiri. Mo ní ta ló mọ ògiri yẹn? Ó ní kí n má dá ara mi lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì wàyí, kò sí Ẹtì mọ́ nínú fíríìjì. Ìyá rẹ kàn mú àwọn méjì tí kò lórúkọ, ó lọ, ó ṣiṣẹ́, ó bọ̀. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo mú àwo yẹn, mo fọ̀ ọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó rọ ọ́. Ọkùnrin yẹn mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Òun náà ní Mo-ti-yó tirẹ̀ nílé.

Tóò, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ owó kù. Jọ̀ọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra kàlẹ́ńdà tó ní ọjọ́ lára, oúnjẹ adìẹ, àti àwo oníhò kejì, torí ọ̀gá ìyá rẹ ti ń bi í léèrè ohun tó ń jẹ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu rẹ̀. Bí o bá ti fi ránṣẹ́, bánkì á sọ fún mi. Wọ́n máa ń pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Mo máa ń dá a padà pé mo dúpẹ́, ilé wọn ńkọ́? Wọn ò tíì fèsì, àfi kí wọ́n rọra yọ díẹ̀ lóṣooṣù, mo sì gbà pé owó òǹtẹ̀ ni. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ò ń jẹ tìrẹ láàárọ̀? Má jẹ́ kí n gbọ́ pé ìwọ tó kọ́ wa lò ń fi omi tútù jáde nílé.

Ọlọ́run á máa ṣáájú rẹ lọ síbi iṣẹ́, á tún máa tẹ̀lé ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀, òyì ò ní kọ́ ọ, ọ̀gá rẹ á wò ọ́, á rí ògiri. Ọ̀sẹ̀ rẹ á kún dáadáa, méjì á sì máa ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún àlejò.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo gbàgbé: òní tí mo ń kọ ọ́ yìí jẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tuntun sínú fíríìjì ni. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́, ìdúró ni mo wà, ilẹ̀kùn fíríìjì ni mo fẹ̀yìn tì. Mo-ti-yó ti dé, ó ní òun wá gé ìdajì orí tó kù. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní òun ti yó.