Ìkòkò Tí Mo Fọ̀ Fún Lọ́yà

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le. Ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́.

Ìkòkò mi tó máa ń súfèé bí ooru bá ti kún inú rẹ̀ ló bú gbàmù lórí iná. Kò sí nǹkan bàbàrà. Lọ́yà kan ní kí n gbé e wá bó ṣe wà, òun á bá mi pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò kúkú kọ́ mi kí n máa gbé ìkòkò dídọ̀tí jáde nílé. Mo fọ̀ ọ́, ó ń dán gbinrin. Lọ́yà fọwọ́ lẹ́rán, ó ní ẹ̀rí ni mo fọ̀ dànù. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ó béèrè bóyá mo mọ ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ má gbé ìkòkò yín yẹn kaná mọ́.

Ọmọ yín.