Èèbù Oògùn Tí Bàbá Rẹ Kó Sórí Àjà

Bólúwají ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà l'Ékòó, ṣé ara ìyàwó rẹ le? Olúwa tó dá wa sí ní Ìperindó níbí yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún, àmín.

Ewu ti kọjá kí n tó sọ ọ́: ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni. Dígà gé wọn níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, a pè é ní egbò kékeré, àfi bó ṣe wú tí ọyún ń jáde. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní bí a kò bá tètè tọ́jú ẹsẹ̀ náà, ó lè di gígé. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ó wá kọ oògùn oníkápúsù kan tí wọ́n ń pè ní amọ́sílì.

Mo bi Nọ́ọ̀sì Julianah bí ohun tí a fi ẹnu gbé mì ṣe máa mọ ọ̀nà ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé e débẹ̀, pé àwọn kòkòrò inú egbò mọ ògiri yí ara wọn ká, oògùn yìí ni kì í jẹ́ kí ògiri náà dúró, tí á fi wó pa wọ́n. Láti ìgbà náà, bí bàbá rẹ bá ti gbé e mì, mo máa ń ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí oògùn má baà há sí orúnkún.

Bí egbò ṣe ń gbẹ ni bàbá rẹ kó oògùn tó kù sínú agolo sórí àjà, wọ́n ní àgbẹ̀ gidi kì í jẹ iṣu tán láìfi èèbù sílẹ̀. Èmi náà yìn wọ́n. Mo tiẹ̀ ti wé díẹ̀ sínú bébà fún ọ̀fìnkìn tí o sọ lórí fóònù.

Ni ẹsẹ̀ bá tún wú. Julianah ní, “Bàbá, kòkòrò lẹ fi sílẹ̀ ṣe èèbù.” Ó ní èyí tó lágbára jù nínú wọn ló ṣẹ́kù tó ń bímọ, pé bó bá yá oògùn kò ní ràn wọ́n mọ́. Ó ní oògùn náà kò sì mọ iṣẹ́ ọ̀fìnkìn rárá, nítorí náà, máa mu omi gbígbóná. Dókítà fún wọn ní òmíràn, èmi ni mo jókòó tì wọ́n títí ó fi tán, mo ń ní kí wọ́n ya ẹnu kí n wò ó.

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá rẹ jó dé iwájú pẹpẹ láìdi ọ̀pá mú. Mo sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ló wọ bàtà, nítorí mo ti fi ọ̀bẹ la bàtà ìkejì nígbà tí ẹsẹ̀ wú. Jọ̀wọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́. Bàbá rẹ ní ti ẹsẹ̀ kan ni kí n béèrè, pé èkejì ṣì dára. Mo ní rárá o, ti ẹsẹ̀ méjèèjì ni, nítorí méjèèjì ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa.

Ìwọ náà kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susannah Ògúnlẹ́yẹ