Wọ́n Lé Nàfísàt Jáde ní Láíbúrì Nítorí Pé Ó Kàwé

Ilé Bàbá Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ọjà, Mówè.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Sùlèímọ́nù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ ọwọ́ náà, ṣé ibà yẹn ti lọ pátápátá? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ, kó máa ṣọ́ yín bọ̀ ní Èkó yẹn, àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi ọ̀tún sì ti mọ̀ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Ìkíni ti parí. Inú ń bí mi.

Inú ń bí mi débi pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí tí mo máa kọ lẹ́tà yìí, nítorí bírò ya ìwé méjì àkọ́kọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ rẹ Nàfísàt ti ilé ìwé dé tí kò sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ ọmọ yẹn, ìwọ lo gbé e wá fún wa lọ́dún tó kọjá pé ká máa tọ́jú rẹ̀ títí iṣẹ́ yín á fi rọlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá ń jẹun ó ń sọ̀rọ̀, tó bá ń wẹ̀ ó ń kọrin, kódà ó máa ń kọ́ ewúrẹ́ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀, ó kí wa wúyẹ́wúyẹ́, ó bọ́ aṣọ ilé ìwé, ó lọ jókòó. Ìyá rẹ ní ibà ni, ó gbé àgbo kaná. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, Àfáà ilé kéwú ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ mi ń fi ojú nìkan ka wàláà, ẹnu rẹ̀ kò mì, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ọmọ tí òun kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, oorun ló ń sùn.

Ìgbà yẹn ni mo tú àpò ìwé rẹ̀, tí mo bá káàdì pupa níbẹ̀. Mo mọ káàdì pupa, mo máa ń wo bọ́ọ̀lù. Mo bi í pé ẹsẹ̀ ta ló ṣẹ́. Ó ní òun kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, pé wọ́n lé òun jáde ní láíbúrì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, torí òun ń kàwé sókè. Sùlèímọ́nù, tún ibẹ̀ yẹn kà. Wọ́n lé ọmọ kúrò níbi tí wọ́n ti ń kàwé nítorí pé ó ń kàwé! Ṣé wọ́n á máa lé èèyàn jáde ní mọ́sáláṣí nítorí pé ó ń kírun ni?

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ funfun tí mo fi ń lọ Jímọ̀, mo gba ilé ìwé lọ. Èmi ni mo kan gbogbo pẹpẹ ìwé inú láíbúrì yẹn, mi ò sì fi ìdákẹ́jẹ́ kàn wọ́n. Mísì Stella ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ti ọ̀nà Redemption Camp wá lójoojúmọ́. Bí mo ṣe wọlé, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ bí ogójì gbé ìka sẹ́nu, wọ́n ní ṣṣṣ. Sí èmi! Bí ẹni ń lé adìyẹ! Mo rò pé Mísì yóò fa pàṣán yọ. Ńṣe ló lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà mọ́ wọn láyà, pé wọ́n ṣe dáadáa. Ó wá kúnlẹ̀ kí mi láìgbé ohùn sókè, ẹnu rẹ̀ kàn ń mì bíi ti ẹja.

Ọmọ kan gbé ìwé wá pé òun fẹ́ yá a. Mísì mú ìbọn kékeré kan, ó nà án sí ẹ̀yìn ìwé náà, iná pupa tàn, ìbọn ké píìn! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, ojú wọn ti mọ ogun. Ìwé míì, píìn! Wọ́n ní nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ni ìbọn náà ń kà. Mo ní Mísì, ìbọn yìí ti ké lẹ́ẹ̀mẹfà látìgbà tí mo dé, kí ló dé tí ẹ ò fún òun ní káàdì pupa? Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni fóònù tó o rà fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àìlá, tòun ti gbogbo agbára rẹ̀. Mi ò pa á. Ta ló ń pa ìpè ìrun lẹ́nu mọ́? Mísì bá fi ọwọ́ hàn mí pé kí n lọ jókòó sórí àga ìronú. Àga tí wọ́n ń gbé ọmọ aláriwo kà nìyẹn. Mo jókòó, orúnkún mi sì kan àgbọ̀n mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin kan, Máyọ̀kún, ẹgbẹ́ Nàfísàt ní kíláàsì. Ó dorí ìwé kodò, ó ń ṣí i lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rọra bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ó ní òun kò tíì mọ̀wé kà, pé Nàfísàt ló máa ń kà á sí òun létí, pé òun ni Nàfísàt ń kà á fún lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, àti pé láti ọjọ́ náà, àwòrán ni òun ń wò.

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu géètì. Mísì fà mí síta, ó bú sẹ́kún. Ó ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù nínú yàrá kan, pákó fẹ́lẹ́ ló wà láàárín òun àti kíláàsì kẹfà tí wọ́n ń múra ìdánwò, pé wọ́n ti fẹjọ́ ariwo sun òun lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ni ilé ìwé sì ní tí òun bá tún gbọ́ ẹ̀kẹta, kí Mísì máa lọ sílé. Ó ní, “Bàbá, ariwo ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ ohun tí ariwo náà ń sọ.”

Mo yọ káàdì pupa náà lápò, mo nà án sí i. Ó gba káàdì pupa padà, ó pe Nàfísàt wá, ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn, kò sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Láti Ọjọ́rú, Nàfísàt àti Máyọ̀kún ń kàwé sókè lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti délé, ó tún di odi. Ìbínú mi náà kò lọ, ó kàn ń wá ẹlòmíì tó máa bà lé.

Lánàá ni Mísì fi fọ́ọ̀mù rán Nàfísàt sí mi, pé òun fẹ́ mọ àwọn ọmọ dáadáa. Wọ́n ní kí gádíà fọwọ́ sí i. Mo ní a ò ní gáàdì nílé wa, èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn fúnra mi. Nàfísàt rẹ́rìn-ín, ó ní alágbàtọ́ ni wọ́n ń wí! Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó ń ka ìbéèrè rẹ̀ sí mi létí, ohùn rẹ̀ ń ga sí i bó ṣe ń lọ, ìyá rẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, kò lè mira. Wọ́n béèrè orúkọ àwọn tí ọmọ máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé, wọ́n fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀. Ó kọ tèmi, ó kọ ti ìyá rẹ. Mo ní kọ bàbá rẹ sí èyí tó kù. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá àgbà, nílé ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Mo ní kó fi ìlà náà sílẹ̀. Láti Ìléyá lo ti ń bọ̀, Sùlèímọ́nù. Láti Èkó dé Mówè! Àwọn mìíràn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ kan bẹ́ǹṣì fún àwọn ọmọ náà, nítorí náà owó pákó àti ìṣó ṣe pàtàkì. Má fi í ránṣẹ́ sí báńkì. Wọ́n ní orúkọ mi kò bá orúkọ mi mu, kí n lọ mú ara mi wá, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dúró níwájú wọn. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Ọjọ́ Ajé ni fọ́ọ̀mù náà ń padà, ìlà kẹta ṣì ṣófo.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ohùn ọmọ rẹ ṣàjèjì sí ọ létí. Kó fún ọ ní ọ̀nà, kó sì fún ọ ní ẹsẹ̀ tí wàá fi rìn ín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú ń bí,
Afọlábí Káfíńtà.