Abẹ́rẹ́ Tí Láwàlì Ní Òun Kò Mọ̀

Ilé Alhaji Sàlàhúdíìnì,
Adigbe,
Abẹ́òkúta.
11 Oṣù Kọkànlá, 1984.

Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti jẹ́ kí wọ́n máa rìn dáadáa? O kú ọwọ́ lómi o, o kú ìnáwó ìsọmọlórúkọ. Ọlọ́run á wo ọmọ tuntun fún wa. Má bínú pé o ò rí mi. Ojú ń tì mí láti jáde ni.

O mọ bí imú àti ojú ṣe máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà tí Láwàlì ọkọ mi ti kó wa lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí koríko ti yí ilé po, ló ti wá le sí i. Bí mo bá ń sín ní ìsọ̀ àdìrẹ mi, àwọn oníbàárà á máa sún sẹ́yìn. Ìbàdàn la ti rí dókítà tó sọ pé lẹ́búlẹ́bú ara òdòdó koríko ni ara mi kọ̀. Ó ní, “A ó máa fi abẹ́rẹ́ fún yín ní díẹ̀díẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú kan náà, títí ara yín á fi gbà á. Ó lè tó ọdún mẹ́ta. Ẹ má dá a dúró o.” Láwàlì jókòó tì mí. Òun gan-an ló béèrè bóyá kò ní dí oyún lọ́wọ́. Dókítà ní rárá.

Láwàlì náà ló gbé ìgò oògùn sínú fìríìjì wa, ibẹ̀ ni mo sì ti ń mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ó fún mi lábẹ́rẹ́. Nígbà tó di ọdún kejì, Kùdí, mo gba àárín koríko kọjá, mi ò sín! Ṣe ni mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti ń retí ọmọ lọ́dọ̀ wa, wá kí wa láti Láfẹ́nwá, wọ́n sì rí ìgò náà. Wọ́n pè wá sí pálọ̀.

“Bùsírátù, ṣé ohun tí o fi ń sé ọmọ mọ́ ọmọ mi rèé?”

Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Wọ́n kọjú sí Láwàlì: “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ nípa rẹ̀?”

Ọkàn mi balẹ̀, torí ẹlẹ́rìí mi ni. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Màámi, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Kùdí, mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ìyá rẹ̀ da oògùn náà sínú gọ́tà, Láwàlì kò sì ní kí wọ́n má dà á. Oògùn ò dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Mo ti padà sílé bàbá mi. Ojú mi tún ti wú. Dókítà ní àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti dá lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Láwàlì wá lánàá. Ó ní ẹ̀rù ìyá òun ló ba òun, kí n foríji òun. Mo bi í pé, “Ṣé ẹ ti sọ òótọ́ fún Màmá?” Ó ní kí n ṣe sùúrù, wọn ò tíì ṣe é sọ ọ́ fún. Mo bá a mú fìlà rẹ̀ lórí àga, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Bá mi kí Màmá àti ọkọ rẹ. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé, Adigbe ni kí o kọ ọ́ sí. Má kọ ọ́ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ mọ́.

Èmi ni tìrẹ tí kò yẹ̀,
Bùsírátù Sàlàhúdíìnì