Bọ́ọ̀sì Tí Ẹ Kọ̀ Ti Dé Ẹnu Ọ̀nà Mi

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnira ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta tó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Iṣẹ́ kò ní pa ọ́, ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíì ti ń yọ̀, tìrẹ á múlẹ̀ níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, mi ò gbé e fún tíṣà kọ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí tíṣà náà wà lára àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí o bá rí i tí ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn, fara dà á, ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ara mi ò burú, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àbúrò bàbá rẹ, káfíńtà, ti bá mi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kàn án sódì, ìta la ti ń tì í báyìí. Ní ti iná mànàmáná, láti ìgbà tí o ti sọ pé bọ́ọ̀sì tuntun yín máa ń sùn mọ́ iná bíi fóònù ni mo ti mọ ibi tí iná tiwa ń lọ. Mi ò bá ọ jà. Bí ẹ bá lè yọ ọ̀kan péré lára wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí n lè fi lọ aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, mà á dúpẹ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè mí, tí ayọ̀ ò jẹ́ kí o kí mi tán, tí o ní ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ ti yan bọ́ọ̀sì tí kò ní máa rú èéfín sáàárín ìgboro, pé ẹ gbé oní-dísẹ̀lì, onígáàsì àti oníná kalẹ̀, ẹ gùn wọ́n, ẹ fi ẹ̀rọ wọn ohun tó ń jáde nídìí wọn, oníná ló sì borí? Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Nígbà tí akọ̀wé káńsù wá sọ lẹ́yìn náà pé ìlú yín fẹ́ fi bọ́ọ̀sì mẹ́fà ta wá lọ́rẹ, kí lo fẹ́ kí n rò? Mo ní ọmọ mi ló yàn án. Mo sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo sọ ọ́ nílé oògùn, mo sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi mí. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ní kí àwa tí a gba ẹ̀bùn fọwọ́ sí i pé ó tẹ́ wa lọ́rùn, bọ́ọ̀sì kankan ò sì tíì dé o. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí orúkọ rẹ àti ìfọwọ́sí rẹ. Ta ni yóò rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí yóò tún máa bèèrè ọ̀rọ̀? Mo lè kọ orúkọ mi, àmọ́ orúkọ kan kéré sí irú ayọ̀ yẹn, mo tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo tún bẹ akọ̀wé pé kí wọ́n fi ibùdókọ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi, lábẹ́ fèrèsé gan-an, kí gbogbo ayé lè mọ ilé tí ẹni tó yan bọ́ọ̀sì ti jáde.

Bọ́ọ̀sì dé. Ọmọ mi, àwọn oní-dísẹ̀lì àtijọ́ tí ẹ kọ̀ ni. Nọ́ńbà ìlú yín ṣì wà lára wọn, ẹni tó kùn wọ́n kò tilẹ̀ bò ó dáadáa. Èéfín tú jáde débi pé àwa tí a wá pàdé wọn ò rí ara wa mọ́, aṣọ funfun ni mo wọ̀ jáde, aṣọ eérú ni mo wọ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Eléèéfín ni wọ́n ń pè mí. Awakọ̀ kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì, ó ní bí òun bá pa á kò ní jí mọ́, nítorí náà láti ìdájí ló ti ń hó lábẹ́ fèrèsé, yàrá tí ọmọ rẹ ń sùn sì ni.

Nọ́ńbà fóònù ìlú yín ṣì wà nídìí bọ́ọ̀sì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí èéfín bá ń yọ lẹ́nu kó pè. Mo pè. Obìnrin kan gbé e, mo kí i, kò dáhùn, ó ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún kí i, ó ní ẹ̀sùn mi jẹ àwọn lógún. Mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, orin ló fi dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìwé, ó ní bọ́ọ̀sì yẹn kò sí mọ́, àwọn ti yọ ọ́, èéfín rẹ̀ náà ti kúrò nínú ìṣirò. Mo ní ó wà níwájú mi. Ó ní màmá, kò sí. Mo gbé fóònù sídìí bọ́ọ̀sì náà kó lè gbọ́ ohùn òkú.

Ọmọ rẹ kò lè sáré mọ́. Tó bá ti dé ibi igi àkọ́kọ́, á jókòó, á máa fa èémí bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá a ń dáná igi nínú yàrá, mo ní rárá o, bọ́ọ̀sì la ń dá. Ó ní kí a gbé e kúrò níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àìsàn náà á bá a dàgbà. Mo lọ bẹ akọ̀wé káńsù pé kó gbé ibùdókọ̀ kúrò, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó fi ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn mí. Aṣọ pélébé tó ti dúdú nínú lẹ́tà yìí, má sọ ọ́ nù. Mi ò fi nu bọ́ọ̀sì. Imú ọmọ rẹ ni mo fi nù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Gbé e fún àwọn ọ̀gá rẹ, kí ẹ̀rọ yín bá wa wọ̀n ọ́n.

Inú ń bí mi sí ọ. Mo ti gbìyànjú kí n gbé e gba ọ̀nà mìíràn, kò gbà. Mo mọ̀ pé o kò mọ ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ, àmọ́ o fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi kó wọn, o kò sì bèèrè. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ ọ. Tìrẹ kò tọ̀ ọ́, ọmọ rẹ ló wá bá.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn àyà ránṣẹ́, kí o sì fi owó ọkọ̀ sí i. Má fi í gba báǹkì. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn bèèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, mo ní àṣírí kì í ṣe ohun tí à ń sọ níta, ló bá gbé káàdì mì. O ní yàrá rẹ kò gba èèyàn méjì. Mo gbọ́. Nígbà tí mo bí ọ, tèmi náà kò gbà á.

Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ rẹ. Bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń mí dáadáa nítorí rẹ, kò ní jẹ́ kó ṣẹ́ ku tìrẹ nìkan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wá. Owó àlọ, ti èèyàn méjì ni kí o fi ránṣẹ́. Owó àbọ̀, tèmi nìkan.

Ìyá rẹ ni.