Ọwọ́ Ìyá Rẹ Tí Mo Sá Sórí Àpáta

Uso, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀,
1981.

Ọmọ mi Láńrewájú,

Èmi ni, bàbá rẹ, Olóyè Àgbà Ògúnbọ̀dé, olórí gbogbo ẹni tó ní oko ẹ̀gẹ́ láti Uso títí dé Ẹmùrè-Ilé, ẹni tí ọlọ́pàá ń kí kó tó kọjá. Orí àga ọlá mi, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Ṣé Èkó ń ṣe dáadáa sí ọ? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o gbàgbé ojú ọ̀nà ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún Igogo èṣí la ti ń gba àdúrà yẹn.

Gbogbo wa wà, àyàfi ọwọ́ ìyá rẹ. O mọ̀ pé Oyèkẹ́ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ sódò láti ìgbà tí o ti wà ní sùkúù, ó ń bó o, ó ń fún un, òun lo jẹ dàgbà, òun la tà tí o fi ka ìwé. Omi wá jẹ ọwọ́ náà títí ó fi funfun, tí awọ ń ṣí láàrin ìka. Mo mú un lọ sí ọsibítù, dókítà ní ọwọ́ yìí ti rẹ sómi jù, kò gbọdọ̀ kan omi mọ́, kí ó gbẹ. Boniface, akẹ́kọ̀ọ́ Polí Ọ̀wọ̀ tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, ní orúkọ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni masirésọ̀n. Inú mi dùn pé irú ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ wọ ilé wa. Ó ní orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe bí Jímọ̀ tó ń ta ọtí ṣe ń rẹ egbò igi sínú ògógóró, àti bí àwọn apòògùn ṣe ń rẹ ewé sínú ìgò, àti pé ní kíláàsì wọn, wọ́n a máa rẹ òkú eku sómi títí ẹran ara rẹ̀ á fi bọ́, tí egungun nìkan á kù. Mo ní ìyàwó mi kì í ṣe eku.

Ṣùgbọ́n mo ronú. Ohun tó bá ti rẹ, kí la ń ṣe fún un? Sísá ni. Tí a bá fún ẹ̀gẹ́ tán, orí àpáta la ń sá a sí kó tó di láfún. Mo bá ní kí ìyá rẹ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, kó na ọwọ́ méjèèjì sáàrin láfún, mo ń bá a yí i padà bí oòrùn ṣe ń yí, mo sì ń lé adìẹ. Ó ní ó ń ta òun. Mo ní láfún kì í sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ gbẹ lóòótọ́. Ó gbẹ títí ó fi là, ìdọ̀tí kó sí i, ó wú, ó ń rùn. Adébùsọ́lá àbúrò rẹ ní ká padà sí ọsibítù, mo ní ọmọ obìnrin tí kò parí fọ́ọ̀mù tú kò lè kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú aya mi, ìgbà tí Láńrewájú bá sọ ọ́ ni mo máa gbọ́.

Kò pẹ́ sí i ni ìwé rẹ dé. Adébùsọ́lá kà á fún mi. O bá mi wí gan-an, o ní kí n gbé ìyá rẹ lọ lọ́jọ́ náà, mo sì gbé e lọ. Dókítà ní à bá ti tètè wá, pé ìka méjì máa lọ. Mo bi wọ́n bóyá ká tún rẹ ọwọ́ náà sómi wò. Nọ́ọ̀sì kan dìde, ó jáde, kò padà wọlé.

Fi owó ránṣẹ́, oògùn pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọwọ́ rẹ kò ní rọ.

Bọ̀dá mi, ibi tí Bàbá máa sọ ọ́ dé nìyẹn. Wọn kò mọ̀ pé ìwé yìí wà, ìdí bẹ́ẹ̀dì Ìyá ni wọ́n wà. Èmi ni mo ń fi ohùn wọn sọ̀rọ̀, bí mo ṣe fi ohùn tiyín kọ ìwé tó gbé wọn dé ọsibítù. Ẹ̀yin kò kọ nǹkan kan. Ìyá fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń ṣàdúrà fún yín láràárọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gba ọwọ́ àwọn là.

Ẹ wálé. Tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin kọ́.

Mo ń lọ sódò, ẹ̀gẹ́ Ìyá ti di tèmi báyìí. Ọwọ́ mi náà ti ń funfun.

Èmi Adébùsọ́lá.